Ohun Tí Ìyá Yín Sọ fún Dókítà

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ àbúrò mi. Ìyá yín ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ bu omi tí yóò fi wẹ̀ mí, mo sì ní láti sọ òtítọ́ yìí kí èémí tó bọ́ lẹ́nu mi. Bí mo bá gbé e wọ ilẹ̀, ilẹ̀ á bì í jáde. Gbogbo yín gbà pé ibà ló sọ ìyá yín di adití. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá yín. Irọ́ ni mo pa.

Ògbufọ̀ ni mí ní ọsibítù nígbà náà. Àwọn dókítà kan ti òkè òkun wá dán oògùn làkúrègbé tuntun wò, wọn ò sì gbọ́ èdè wa. Ọ̀gá wọn là á yé mi: "Ẹ sọ fún wọn pé a ò tíì mọ gbogbo ohun tó lè ṣe fún ara. Ẹni tí kò bá fẹ́, a ó ṣì tọ́jú rẹ̀." Mo kọjú sí àwọn ìyá tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, oògùn tó dára jù lọ ló dé yìí." Wọ́n súre fún mi. Ọ̀gá náà ti ṣèlérí pé bí iṣẹ́ bá yọrí, òun á mú mi lọ sí ìpàdé àwọn onímọ̀, wọ́n á pe orúkọ mi níbẹ̀. Nítorí orúkọ ni o. Èèyàn tí wọ́n ń wá ò tíì pé, ni mo bá lọ mú ìyá yín wá láti ilé, torí orúnkún ń dùn ún.

Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn náà tó fi wá bá mi níwájú dókítà. Ó di apá mi mú, ó ní, "Àǹtí mi, etí mi ń hó bí omi tó wà lórí iná. Bí ọmọ bá ń ké, mi ò gbọ́ mọ́ àfi tí mo bá rí ẹnu rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn." Dókítà ní kí ló wí. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́, wọ́n lè dá gbogbo iṣẹ́ náà dúró. Mo ní, "Ó ní orúnkún òun ti fúyẹ́, ó ń dúpẹ́." Dókítà rẹ́rìn-ín sí i. Ìyá yín rò pé wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ òun, òun náà rẹ́rìn-ín. Mo wá sọ fún un pé dókítà ní kó máa lò ó lọ, híhó náà á lọ. Ó lò ó títí etí fi dí pátápátá. Ẹnu tí mo fi ń jẹun náà ni mo fi jẹ èèyàn.

Mo yí ọ̀rọ̀ àwọn ìyá yòókù náà. Àwọn dókítà gbé irọ́ mi lọ sí ìpàdé náà, ó di ìmọ̀, wọ́n sì ń fún àwọn ẹlòmíràn ní oògùn náà níbi tí ẹsẹ̀ mi ò lè dé láé. Wọ́n pe orúkọ mi lóòótọ́. Nígbà tó yá, mo gbọ́ pé wọ́n ti ká oògùn náà kúrò nílẹ̀ nítorí pé ó ń di etí àwọn èèyàn ibòmíràn. Kò sẹ́ni tó wá sọ fún àwọn ìyá wa. Èmi tí mo mọ̀, mo panu mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé, bí ẹ bá dúró láàárín ẹni tó ń bèèrè àti ẹni tó ń dáhùn, ẹ má fi tiyín kún un. Ìyá yín ló ń wọlé yẹn. Ó rí i pé ẹ ń sunkún, ó ń bi yín pé kí ni mò ń wí. Mi ò gbọ́ èdè ọwọ́ tí ẹ fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ìtìjú ò jẹ́ kí n kọ́ ọ. Ẹ sọ ọ́ fún un bí mo ṣe sọ ọ́, ẹ má ṣàánú mi bù ú kù. Bó bá dárí jì mí, ẹ wí fún mi. Bí kò bá dárí jì mí, mo bẹ yín, ẹ wí ìyẹn náà.