Orúkọ Tí Mo Pa Rẹ́ Nínú Fíìmù

Ẹ̀yin aládùúgbò, ẹ̀yin tí mo pè jọ sí iwájú ilé Ìyá Mardiyah lónìí, ẹ má tíì bínú dìde. N ò ṣàìsàn, ẹnikẹ́ni ò sì fipá mú mi. Ojú ló ń tì mí. Màá sọ ọ́ láìfepo-bọyọ̀.

Ẹ rántí fíìmù mi, ti àwọn ọmọ méjì tí ajínigbé tì mọ́lé. Ilé àkọ́kù kan níbí ní Ìgàndó la ti yà á. Èmi Ọláṣùpọ̀ fúnra mi ni mo lọ láti ojúlé dé ojúlé, tí mò ń sọ fún yín pé, "Tẹ́ ẹ bá gbọ́ igbe ọmọdé, ẹ má dá wọn lóhùn o, fíìmù ni." Ẹ gbà mí gbọ́. Mardiyah ń ṣe Tóyìn, Fẹ́kọ́mi ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ṣe ẹ̀gbọ́n Tóyìn. Ìyá Mardiyah ti bẹ̀ mí tẹ́lẹ̀: "Bọ̀ọ̀dá Ṣùpọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ikọ́ fée ń ṣe é. Ẹ má jẹ́ kí èéfín sún mọ́ ọn." Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Síbẹ̀, táyà àlòkù ni mo dáná sun lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá náà kí èéfín lè wọlé. Mo fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi.

Fẹ́kọ́mi kọ́kọ́ pariwo bí mo ṣe kọ́ ọ: "Ẹ gbà wá! Tóyìn ń kú lọ!" Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ yí padà. "Mardiyah! Mardiyah! Bọ̀ọ̀dá Ṣùpọ̀, ẹ ṣílẹ̀kùn, kò lè mí!"

Kò sí Mardiyah nínú eré yẹn. Kò sí Ṣùpọ̀ níbẹ̀.

Charles tó ń ya fíìmù lójú fèrèsé bojú wẹ̀yìn wò mí: "Ọ̀gá, this one no be film o." Mo juwọ́ sí i pé kó máa yà á lọ. Igbe náà dùn mọ́ mi. Ọlọ́run ń gbọ́, ó dùn mọ́ mi! Nígbà tí mo fi máa ṣílẹ̀kùn, orí Mardiyah ti wà lórí itan Fẹ́kọ́mi. Kí ọ̀kadà tó gbé wa dé ọsibítù, ó ti dákẹ́.

Ìyá rẹ̀ bi mí pé, "Ṣé wọn ò pariwo ni?" Mo ní, "A ò gbọ́ nǹkan kan ju igbe eré lọ, mà. Fẹ́kọ́mi ò pè wá." Ọmọ náà ní, "Mo pè, mà." Mo jágbe mọ́ ọn pé irọ́ ló ń pa. Mo délé, mo yọ àwọn orúkọ wa kúrò nínú ohùn rẹ̀, mo fi orin bo ibẹ̀. Igbe tó ṣẹ́ kù ni gbogbo yín ń yìn pé ọmọ yẹn mọ eré ṣe.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi àdúà ọdún kan Mardiyah, ìyá rẹ̀ fa Fẹ́kọ́mi mọ́ra: "Mo ti dárí jì ọ́ pé o ò pè wọ́n. Ọmọdé ni ọ́." Mo rò pé yóò jiyàn. Ó kúnlẹ̀ ni. "Ẹ ṣé, mà. Ẹ̀rù ló bà mí tí n ò fi pè wọ́n." Ọmọ tó pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há! Mo jókòó níbẹ̀, mo ṣe àmín.

Ìyá Mardiyah, ohùn náà rèé bó ṣe wà kí n tó fọwọ́ kàn án. Ẹ gbọ́ ọ, kẹ́ ẹ sì pe ọlọ́pàá tẹ́ ẹ bá fẹ́. N ò ní sá. Ẹ forí jì mí bó bá ṣeé ṣe.

Fẹ́kọ́mi, dákun, má kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́ nítorí ọ̀rọ̀ yìí. O pè. Mo gbọ́.