Ẹni Tí Tíṣà Martha Rí Lẹ́yìn Àpáta

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kejì ọdún 1990, Tíṣà Martha ní kí wọ́n gbé òun jókòó. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí àìsàn inú ti dá a dùbúlẹ̀ nílé rẹ̀ ní Kábà, àwọn dókítà sì ti ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Rónkẹ́, ọmọbìnrin rẹ̀, fi ìrọ̀rí méjì tì í lẹ́yìn. Obìnrin tí wọ́n ránṣẹ́ lọ pè ní Ekinrin-Adde jókòó sórí àga tó kọjú sí ibùsùn, ìbòrí funfun lórí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí orúnkún. Bíllíkísù lorúkọ rẹ̀. Ó di ọdún mẹ́tàlá tí àwọn méjèèjì ti rí ara wọn gbẹ̀yìn. "Bíllíkísù," ni Martha wí, "ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ó yẹ kí n ti sọ ọ́ nígbà tí mo ṣì lè fi ẹsẹ̀ ara mi rìn wá bá ọ. N kò sọ ọ́. Mo fẹ́ kó jáde lẹ́nu mi kí ẹnu náà tó pa dé. Má ì tíì dá mi lóhùn títí n ó fi parí." Bíllíkísù ní òun ń gbọ́.

Nígbà tí Martha ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àgùnbánirọ̀ kan tó bá wọn ṣiṣẹ́ fi kámẹ́rà kékeré kan sílẹ̀ fún un nígbà tó ń padà sílé. Àtìgbà náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ti gbélé mọ́ nírọ̀lẹ́. Bí oòrùn bá ti rọ̀ díẹ̀, á gbé kámẹ́rà kọ́rùn, á máa rìn yí àdúgbò ká. Kì í ya ìyàwó, kì í ya ìkómọ. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ti ògiri ló ń yà, àti gbágùúdá tí wọ́n sá sórí àpáta, àti àwọn búta àlùwàlá tó tò sẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Wọ́n á ní, "Tíṣà, kí lẹ fẹ́ fi àwòrán ilẹ̀kùn wa ṣe?" Á ní, "Mo kàn fẹ́ rí i dáadáa ni." Bíllíkísù ló ń gbé ilé kejì nígbà náà. Òun nìkan ni eré yìí yé. Ìgbà mìíràn òun ló ń darí Martha: "Lọ wo bí wọ́n ṣe sá ata sí agbo ilé òkè, ó pọ́n bí epo." Mọ́nsúrù, ọkọ rẹ̀, ń ránṣọ. Lọ́jọ́ tí kò bá sí aṣọ nílẹ̀, á lọ sóko lọ dáná fín òkété nínú ihò.

Lọ́jọ́ kan nínú ọyẹ́ ọdún 1977, Martha gun àpáta tó wà lẹ́yìn àdúgbò. Ó fẹ́ ya àwọn òrùlé páànù bí eruku ọyẹ́ ṣe bò wọ́n. Ó rí èéfín kékeré kan nísàlẹ̀ lápá oko, ó yí kámẹ́rà síbẹ̀, ó yà á, ó sọ̀kalẹ̀ lọ gbé ọbẹ̀ kaná. Kí wọ́n tó pe ìrun ìrọ̀lẹ́, èéfín náà ti di ńlá. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbé iná kọjá ààlà, ó jó ahéré àgbẹ̀ kan, Baba Gbádéyan, baba náà sì wà nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti rọ tipẹ́. Kò lè sá. Ọjọ́ kejì ni wọ́n sin ohun tí wọ́n rí.

Lọ́jọ́ kẹta, Martha lọ gba àwòrán rẹ̀ lọ́dọ̀ Ìbráhímù, fọtógíráfà tó ń bá a fọ fíìmù. Ìbráhímù yọ ọ̀kan sọ́tọ̀, ó da ojú rẹ̀ délẹ̀ lórí tábìlì. "Tíṣà," ló wí, "èyí tí ẹ yà láti orí àpáta, ilé ni kí ẹ ti wò ó. Èmi fọ fíìmù ni, n kò wo nǹkan kan." Nínú àwòrán náà, ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ìdì koríko tó ń jó ran ìgbẹ́. Ojú rẹ̀ kò hàn tán, ṣùgbọ́n fìlà rẹ̀ hàn, èjìká rẹ̀ tó tẹ̀ sápá kan náà hàn. Ọláníran ni, ọkọ Martha, akọ̀wé ìjọba, tó lọ sun pápá oko tó fẹ́ gbin iṣu sí.

Ìgbà tí Martha sọ èyí tán ni Rónkẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Ó ní òun gbé àwòrán náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ ọkọ òun. Ọláníran wò ó, ó fọ ọwọ́, ó bu òkèlè. Ó ní iyán náà kúná. Nígbà tó jẹun tán ló tó sọ pé, "Ìwé ìgbéga mi wà ní Ìlọrin. Ìwọ lo mọ ohun tí o fẹ́ ṣe." Martha palẹ̀ abọ́ mọ́. "Mo ń retí kí àyà mi já," ló sọ fún Bíllíkísù. "Kò já. Abọ́ ni mo ń fọ̀. Irú ẹni tí mo jẹ́ nìyẹn."

Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn ènìyàn rántí pé Mọ́nsúrù lọ fín òkété lọ́jọ́ iná yẹn. Bíllíkísù tọ Martha wá lẹ́yìnkùlé. "Ìyá Rónkẹ́, o rìn lọ́jọ́ yẹn. Ṣé o kò ya nǹkan kan tó lè gba ọkọ mi là?" Martha ní fíìmù ti tán nínú kámẹ́rà òun. Ó dúró títí Bíllíkísù fi wọlé, ó ju àwòrán náà àti fíìmù rẹ̀ sínú ààrò, ó gbé omi ẹ̀kọ lé e.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, àwọn àgbà àdúgbò pe Mọ́nsúrù. Ó ní lóòótọ́ lòun fín òkété lówùúrọ̀ lẹ́bàá igi igbá, ṣùgbọ́n òun da omi sí iná náà, òun sì fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Wọ́n fẹ́ gbà á gbọ́. Àgbà kan tilẹ̀ béèrè pé ta ló tún ní oko lápá ibẹ̀, ẹlòmíràn sì dárúkọ Ọláníran. Ibẹ̀ ni Martha ti dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í. Ó ní òun wà lórí àpáta lọ́jọ́ náà, lẹ́bàá igi igbá gan-an lòun ti rí èéfín tó ń jáde. Mọ́nsúrù yíjú sí i. "Tíṣà, ṣé ó dá yín lójú?" Martha ní ó dá òun lójú.

Kò sẹ́ni tó lu Mọ́nsúrù. Ṣe ni wọn kò gbé aṣọ wá fún un mọ́. Kí ààwẹ̀ ọdún náà tó dé, ó ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sínú ọkọ̀ akẹ́rù, ó kó aya rẹ̀ lọ sí Ekinrin-Adde, níbi tí ó kú sí lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ. Ọláníran gba ìgbéga rẹ̀. Títí òun náà fi kú, kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ iná. "Èmi kò sì yé rìn," ni Martha wí. "Lọ́jọ́ kejì tí ẹ lọ, mo gbé kámẹ́rà, mo ya ilẹ̀kùn yín tí ẹ tì pa. Mo ní ó dára. Bíllíkísù, mo ti sọ ọ́ tán. Dárí jì mí."

Ohùn Bíllíkísù kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń júwe ọ̀nà. "Ṣé o mọ̀ pé Mọ́nsúrù gbà ọ́ gbọ́? Ó ní, 'Bí Tíṣà bá ní òun rí i, á jẹ́ pé n kò pa iná náà dáadáa. Tíṣà kì í purọ́.' Èmi ni mo pọn omi sínú kèrègbè tó gbé lọ, mo sọ fún un pé òfìfo ló gbé e dé, pé ó da omi náà sí iná. Kò gbà. Ó gba ààwẹ̀ oṣù méjì léra wọn, bí ẹni tó ṣèèṣì pa ènìyàn ṣe ń gbà á. Lọ́dún kejì ó tún gbà á, ó ní bóyá ti àkọ́kọ́ kò pé. Ọdọọdún ló ń gbà á. Nígbà tó ń kú lọ, Baba Gbádéyan ló ń bẹ̀."



"Tèmi, mo fi jì ọ́," ni Bíllíkísù wí. "Ti Mọ́nsúrù kò sí lọ́wọ́ mi. Ní kí wọ́n pe àwọn ọmọ Baba Gbádéyan wá. Bí o ṣe sọ ọ́ fún mi ni kí o sọ ọ́ fún wọn. Mo máa dúró."

Martha wá wo ọmọ rẹ̀. "Rónkẹ́, bàbá rẹ ló sun pápá náà, èmi ni mo sì purọ́. Lọ pè wọ́n. Bí ojú rẹ bá rí ohun tó lè gba ènìyàn là, má sùn lé e lórí. Bí o bá sùn lé e lẹ́ẹ̀kan, wàá rí i pé oorun náà ń dùn."

Rónkẹ́ wọ bàtà, ó jáde. Ó pẹ́ kó tó dé. Àwọn ọmọkùnrin Baba Gbádéyan mẹ́ta tẹ̀ lé e wọlé, wọ́n kí wọn ní èdè Kábà, "Okun o." Bíllíkísù ló dá wọn lóhùn. Martha ní kí wọ́n jókòó, ó sì fi orúkọ ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.