Agbá Tí Mi Ò Fọ̀

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wẹ́dà àdúgbò wa, mo ní kí akọ̀wé ka ìwé yìí sókè kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, nítorí bí mo bá ní kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́, mo mọ ara mi, màá yí i. Mo ti ń yí i láti ọdún tó kọjá. Ìwé mi ò pọ̀, ẹ fara dà á. Òótọ́ kan wà lọ́rùn mi tó ń dún bí ìgbà tí ìṣó bá ń yí nínú agbá òfìfo, mi ò sì lè gbé e sùn mọ́. Àna mi wà láàárín yín níbẹ̀ yẹn, ẹni tí gbogbo yín ń pè ní Ìràwọ̀. Ẹ jẹ́ kó jókòó. Èmi náà á wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé mò ń wo ẹnu ọ̀nà, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n jáde.

Ẹ mọ iṣẹ́ tí àwa méjèèjì ń ṣe. A kì í ṣe géètì. Irin tó ti kú la máa ń ṣà jọ, páànù tó jábọ́ lórí ilé, ṣéènì kẹ̀kẹ́, agbá epo tí wọ́n ti sọ nù, la fi ń ṣe àsíá àti ìràwọ̀ àti ẹyẹ idì tí àwọn ènìyàn ń gbé kọ́ sára ògiri àti ọgbà wọn bí ọjọ́ orílẹ̀-èdè bá ń sún mọ́lé. Ìràwọ̀ ló fẹ́ àbúrò mi obìnrin. Kì í wọn irin kó tó gé e. Á kàn gbé iná gáàsì lọ́wọ́, ìràwọ̀ ẹlẹ́nu márùn-ún á já bọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tiwa wá fi rúlà wò ó nígbà kan, kò rí àṣìṣe níbẹ̀. Ó ní, "Ìwọ yìí, ṣé ìyá ẹ gbé rúlà mì nígbà tó lóyún ẹ ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín ju àwọn yòókù lọ, àmọ́ inú mi ò dùn tó bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́.

Obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́, tí à ń pè ní Ìyá Tíṣà, ló wá sọ pé ká ṣe àsíá ńlá kan fún òun, èyí tí òun máa gbé kọ́ sára ọgbà òun ní orí òpópónà. A fi páànù tuntun hàn án, ó pòṣé. Ó ní, "Ẹ má fi irin tuntun ṣe é fún mi. Orílẹ̀-èdè yìí kì í ṣe tuntun. Òjò ti pa á, oòrùn ti pa á, ó ṣì dúró. Irin tójú ẹ̀ ti rí nǹkan ni kí ẹ lò." Agbá kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wa tó bá ohun tó ń wí mu gẹ́lẹ́, ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣá, ìpáàrà ti mú un káàkiri.

Gbogbo yín mọ òfin agbá. Agbá tó bá ti gbé epo rí, iná kì í kàn án àfi tí a bá fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ inú rẹ̀, tí a sọ òkúta sí i, tí a mì ín, lẹ́yìn náà ká wá rọ omi kún un. Epo lè ti tán níbẹ̀, èémí rẹ̀ kì í tán, òun ló sì máa ń bú bí iná bá kàn án. Kí ọmọ iṣẹ́ tó mọ bí wọ́n ṣe ń di iná mú ló ti mọ èyí. Tèmi ni fífọ̀, ti Ìràwọ̀ ni gígé. Bí a ṣe pín in nìyẹn.

Lọ́jọ́ náà, omi ẹ̀rọ wa ò yọ. Kànga tó wà lódìkejì títì ni mo gbọ́dọ̀ ti lọ pọn ọ́n. Oòrùn mú. Mo ní kí n kọ́kọ́ simi. Mo fi imú sí ẹnu agbá, mi ò gbóòórùn kankan àfi ti irin. Ẹ wò ó, imú ni mo fi fọ agbá yẹn. Mo wá lọ jókòó sábẹ́ ibòji, mo ń po ọ̀dà. Káfíńtà kọjá, ó ní, "Bàbá ìjókòó, ọ̀dà yẹn ò tíì jinná ni?" Ó kọjá lọ sídìí ẹ̀rọ ìlagi rẹ̀, ẹ̀rọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ọ̀rọ̀ yẹn ta mí lára.

Ìgbà yẹn ni Ìràwọ̀ jáde wá, ó gbé awò dúdú sí iwájú orí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti fọ̀ ọ́?"

Mo ní, "Mo ti fọ̀ ọ́."

Ó tan iná. Ó tún dúró. Ó fi ìka kan ara agbá, ó tẹ́tí sí i. "Ẹ̀gbọ́n, ó ń dún gbẹ. Ṣé ẹ fọ̀ ọ́ lóòótọ́? Ṣé omi wà níbẹ̀?"

Mo lè sọ ọ́ nígbà yẹn. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Dípò bẹ́ẹ̀, mo gbójú mọ́ ọn. Mo ní, "Ṣé èmi ni wàá máa bi léèrè bí ọmọ iṣẹ́? Èmi tí mo fún ẹ lábúrò mi? Àbí irọ́ ni mò ń pa fún ẹ?"

Ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n." Ó fa awò bojú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Mi ò gbọ́ ìgbà tí agbá náà bú, rírí ni mo rí i. Ara agbá ya, ó ṣí bí aṣọ tí afẹ́fẹ́ gbé, ìdérí rẹ̀ sì lọ bá Ìràwọ̀ lójú. Nígbà tí Káfíńtà fi máa sáré dé, ẹnu mi ti ń sọ̀rọ̀ kí n tó mọ ohun tó ń sọ. "Kò bi mí o. Mo ṣì ń bọ̀ wá fọ̀ ọ́, ló bá gbé iná sí i. Kò bi mí." Ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ wà nílẹ̀, èmi ti ń ro ẹjọ́ ara mi.

Ojú méjèèjì ló lọ. Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, tí wọ́n ti fi báńdéèjì we orí rẹ̀, tí àbúrò mi pọn ọmọ wọn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó dà bíi pé mo bi yín. Mò ń gbọ́ ohùn ara mi."

Mo ní, "O ò bi mí. Ariwo yẹn ló da orí ẹ rú. Agbá bú séèyàn lójú, orí á ṣe pé?"

Bí mo bá tún lọ, á tún bi mí. Màá tún dá a lóhùn bákan náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ. Ohùn rẹ̀ ń rẹlẹ̀ sí i. Mo sọ fún àbúrò mi pé mo ti sọ agbá náà nù. Mi ò sọ ọ́ nù. Ọjọ́ orílẹ̀-èdè ti ń sún mọ́lé, Ìyá Tíṣà sì ń ránṣẹ́. Ibi tó ya lára agbá náà, ó tẹ̀ bí ìgbà tí atẹ́gùn ń fẹ́ àsíá. Mo gé etí rẹ̀, mo kùn ún, mo fi ìpáàrà sílẹ̀ láàárín ọ̀dà bó ṣe fẹ́. Ẹ̀yin náà dúró níwájú rẹ̀, ẹ ya fọ́tò. Ìyá Tíṣà ní, "Báwo lẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí?" Mo ní, "Ọwọ́ ló mọ̀ ọ́n."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìràwọ̀ ò bi mí mọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbà. Mi ò bi yín. Ẹ dárí jì mí, mo ti kó yín sí wàhálà, mo sì ti sọ àbúrò yín di ẹni tó ń fa afọ́jú kiri." Mo gbé ọwọ́ lé e léjìká. Mo ní, "Mo ti dárí jì ẹ́." Àbúrò mi kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ó kúnlẹ̀.

Láti ìgbà náà ni kò ti gba ara rẹ̀ gbọ́ mọ́. Ó lè fi ọwọ́ lásán tẹ wáyà ju bí èmi tí mo ríran ṣe lè tẹ̀ ẹ́ lọ, àmọ́ kò jẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Bó bá ti ilẹ̀kùn, á tún bi ìyàwó rẹ̀ bóyá òun tì í. Kì í gbé ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Ẹni tí kò rántí ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ, ṣé ọmọ ni kó gbé?" Àbúrò mi wá bá mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ló máa ń gbọ́ tiyín." Mo ní màá bá a sọ̀rọ̀.

Lọ́sẹ̀ yìí ló ní kí n mú òun lọ fọwọ́ kan àsíá tí gbogbo ayé ń yìn. Mo wá àwáwí, mi ò rí. Ó gbé ọwọ́ lé e, ó ń rìn ín lọ díẹ̀díẹ̀. Ó dé ibi tó tẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ti ìka bọ ẹ̀yìn àsíá náà, níbi tí mi ò kùn, ó gbé ìka náà sí imú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, òòlù kọ́ ló tẹ irin yìí. Nǹkan kan ló ti inú tì í síta."

Ó dúró de èsì mi. Lẹ́yìn náà ló fa ọwọ́ kúrò, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Ẹ má dá mi lóhùn. Orí mi ló tún bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ mi náà ti ń purọ́ fún mi báyìí."

Mo ní, "Jẹ́ ká máa lọ. Oòrùn ti mú."

Èyí ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀, kì í ṣe agbá. Mo gba ojú rẹ̀, mo gba orí rẹ̀. Ọwọ́ ló kù fún un, mo sì fi "oòrùn ti mú" gba ìyẹn náà.

Ẹ̀rù ń bà mí. Mò ń bẹ̀rù ọlọ́pàá, mò ń bẹ̀rù ojú àbúrò mi jù wọ́n lọ. Ohun tí ẹgbẹ́ bá fẹ́ fi mí ṣe, ẹ ṣe é. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́, bí àgbà bá ní òun ti fọ agbá, ẹ kàn án. Bó bá dún gbẹ, ẹ bi í. Bó bá bínú, ẹ pa iná, kí ẹ jẹ́ kó máa bínú lọ. Ìbínú àgbà kì í fọ́ni lójú.

Ìràwọ̀, mo ń tọrọ ìdáríjì, àmọ́ kì í ṣe òní ni wàá dá mi lóhùn. Ìdáríjì tí mo ní mo fún ẹ níjọ́sí, kì í ṣe tèmi láti fún ẹnikẹ́ni. Orí rẹ pé. O bi mí. Ẹ̀ẹ̀mejì lo bi mí. Irin tó o fọwọ́ kàn yẹn, òun ni agbá tó bú náà. Gbé ọmọ rẹ.