Orúkọ Tí Bàbá Mi Fi Ṣe Sójà

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ bá mi dúpẹ́ ná, torí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, ẹkún lè má jẹ́ kí n parí ẹ̀. Halelúyà! Olúwa ṣeun. Ó ṣeun fún èmi alágídí, tíṣà tó rò pé òun mọ gbogbo nǹkan.

Ẹ mọ bàbá mi, àwọn tí ohùn wọn máa ń borí ti ẹgbẹ́ akọrin. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ojú wọn ti ń ṣú. Lọ́dún tó kọjá, dókítà sọ fún wa pé ojú òsì ti lọ pátápátá, ṣùgbọ́n pé ti ọ̀tún ṣì ṣeé gbà là bí a bá tètè rí ẹni ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn. Ó ní ọsibítù àwọn sójà kan wà ní Èkó tó ń tọ́jú àwọn tó ti jagun rí. Bàbá mi kúkú jagun! Bọ́mà ni wọ́n lọ, ó sì ti tó ogójì ọdún tí wọ́n ti bọ̀.

A dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì ní ká mú ìwé tí wọ́n fún bàbá nígbà tí wọ́n kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ológun wá. Ìwé dà? Ikán ti jẹ ẹ́ tàpótítàpótí ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin. Nọ́ọ̀sì ní kò burú, ká kọ̀wé sí ibi tí wọ́n ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn sójà, kí wọ́n ṣe kọ́pì fún wa. Mo ní, ìyẹn náà nìṣòro? Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní lẹ́tà kíkọ!

Bí a ṣe délé ni mo kọ ọ́: Sólómọ́nì Ọdúbánjọ. Orúkọ tí gbogbo wa ń jẹ́ nìyẹn, òun ló wà lára sáàtífíkéètì mi. Mi ò bi bàbá ní nǹkan kan. Kí ni mo fẹ́ bi wọ́n fún? Ṣé mi ò mọ orúkọ bàbá mi ni? Wọ́n la ẹnu, wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, kí lo kọ síbẹ̀?" Mo ní, "Bàbá, ẹ fi í sílẹ̀, mo ti kọ ọ́."

Lẹ́yìn oṣù méjì, èsì dé. Kò sí ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú àkọsílẹ̀. Mo tún kọ òmíràn, ìbínú ni mo fi kọ ìyẹn. Èsì kan náà. Ní gbogbo àkókò yẹn, bàbá ti ń da omi sí ẹ̀gbẹ́ ife. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo bá wọn tí wọ́n wọ aṣọ lódìlódì, tí wọ́n ń múra ṣọ́ọ̀ṣì, tínú wọn ń dùn. Mo wọ yàrá lọ, mo sunkún. Ẹ̀rù ń bà mí pé bàbá mi á fọ́jú mọ́ mi lọ́wọ́ nítorí ìwé kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin obìnrin ìjọ yìí bá mi gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ọlọ́run á san án fún yín. Lọ́jọ́ kẹta, kí n má parọ́, mo bínú sí Ọlọ́run. Mo ní, "Olúwa, ìwọ tó mọ iye irun orí wa, ṣé fáìlì bàbá mi nìkan ni o ò rí?" Bí mo ṣe dìde lórí eékún, ọkàn mi lọ sí ọ̀dọ̀ Àlàájì kan ní Ayépé tí wọ́n ń pè ní Bàbá Sójà. Mo ní bóyá wọ́n á lè jẹ́rìí pé àwọn àti bàbá mi jọ jagun.

Mo ní kí bàbá jókòó sílé. Wọ́n kọ̀! Wọ́n ní ṣé ojú lèèyàn fi ń jókòó nínú mọ́tò ni? Ẹ ò rí ibi tí mo ti jogún agídí. A jọ lọ.

Nígbà tí a dé Ayépé, mo fi bàbá sábẹ́ igi níta, mo wọlé, mo kúnlẹ̀. Mo ní ọmọ Sólómọ́nì Ọdúbánjọ ni mí, tó lọ sí Bọ́mà. Àlàájì ronú títí, wọ́n mi orí. "Ọmọ mi, mi ò mọ Ọdúbánjọ kankan." Àfi gbì, bàbá mi ló ń táràrà wọlé bọ̀, wọ́n ní ohùn yẹn jọ ohùn tí àwọn mọ̀.

Háà! Arúgbó fò dìde! Àlàájì pariwo, "Sólómọ́nì Ìmùṣin!" Bàbá mi dúró gbọnrangandan, wọ́n gbé ọwọ́ síwájú orí, wọ́n ní, "Sà!" Mi ò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu wọn rí. Àwọn méjèèjì dì mọ́ra, wọ́n ń sunkún, èmi náà ń bá wọn sun ún, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì mọ ìdí.

Àlàájì ló là mí lóye. Akọ̀wé tó gba àwọn síṣẹ́ ò bi wọ́n ní orúkọ bàbá wọn. Orúkọ rẹ, ìlú rẹ, ó parí. Àlàájì alára, Tìjání Ayépé ló wà nínú ìwé. Mo kọjú sí bàbá, mo ní, "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?" Wọ́n ní, "Ṣé o bi mí? O ní o ti kọ ọ́." Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín, ó tọ́ sí mi! Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin níbẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n.

Lẹ́tà kẹta, bàbá ń sọ, èmi ń kọ. Kò pé oṣù kan tí àpòòwé ńlá fi dé. Bí wọ́n ṣe ga tó wà níbẹ̀, àpá ojú wọn wà níbẹ̀, àtàǹpàkò wọn wà níbẹ̀. Níbi tí wọ́n kọ orúkọ ẹni tí wọn yóò ránṣẹ́ sí bí sójà bá kú, orúkọ ìyá wọn ló wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ní kí n ka ibẹ̀ yẹn fún àwọn.

Ọsibítù gbà wá. Lọ́jọ́ tí dókítà tú báńdéèjì, mo dúró síwájú bàbá. Wọ́n wò mí, wọ́n tún mi wò. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ìgbà wo lo hu ewú?"

Yéè! Mo bú sẹ́rìn-ín, mo bú sẹ́kún! Ẹ bá mi yọ̀, ẹ̀yin ará, ẹ fò sókè fún Jésù! Bàbá mi, ẹ dìde níbẹ̀ yẹn, kí ìjọ rí yín, kí ẹ̀yin náà sì rí ìjọ.