Aràn Tí Mo Ní Ó Ti Kú

Ẹ gbé ife omi yẹn sílẹ̀, ẹ yé ṣàánú mi! Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a. Ọjọ́ náà ló pé yìí. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó, ẹ̀yin gan-an lọ̀rọ̀ kàn. Darandaran yín tí ẹ lé lọ bí olè, kò jí oògùn àgùntàn yín tà. Èmi lolè.

Ẹ mọ̀ pé ibi tí wọ́n ti ń dán oògùn ẹran wò ni mo ti ṣiṣẹ́. Aràn ẹ̀dọ̀, tó pẹlẹbẹ bí ewé, ni mo máa ń fi òwú so rọ̀ sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí ẹ̀rọ á máa fa ìlà bó ṣe ń súnkì. Èròjà kan wà nínú ara rẹ̀ tó ń sọ fún iṣan pé kó sinmi; òmíràn wà, sẹrotóníìnì, tó ń ta á jí. Oògùn tuntun wa fìwà jọ èròjà àkọ́kọ́ yẹn. Ara aràn rọ, kò mira mọ́. Ọ̀gá wa pàtẹ́wọ́: "Ó ti kú!"

Nígbà tí ọ̀gá jáde, mo fi omi ṣan aràn náà, mo kán sẹrotóníìnì sí i. Ló bá gbéra, ó ń nà, ó ń súnkì! Àṣé oorun ló ti ń sùn. Mo sáré sọ fún ọ̀gá. Ó ní, "Ṣé ìwọ lo fẹ́ ba ti gbogbo wa jẹ́? Ìgbéga rẹ ńkọ́?" Ojúkòkòrò burúkú! Mo da aràn náà nù láàyè, mo ní ó ti kú. Kí ni mo fẹ́ fi ìgbéga ṣe lórí ibùsùn yìí?

Ẹ ra oògùn náà, ẹ ń fi yangàn: "Ọwọ́ àbúrò mi ló ti jáde." Aràn sùn, aràn jí, ó ń jẹ ẹ̀dọ̀ lọ, àgùntàn yín ń kú. Darandaran búra pé àwọn àgùntàn gbé oògùn mì lójú òun. Ẹ wojú mi. Ẹnu yìí, tí ẹ ń fi ṣíbí bọ́, ló dáhùn pé, "Oògùn wa kì í tàsé, aràn tí a fi dán an wò kú. Á ti tà á ni." Ọkùnrin náà kò bú mi. Ó kàn ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ fojú ara yín rí i pé aràn yẹn kú?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ má tíì dárí jì mí o! Ẹ kọ́kọ́ wá a rí, ẹ bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo àwọn tó gbọ́ tí ẹ pè é lólè. Bó bá bèèrè mi, ẹ sọ fún un pé n kò tíì kú, kó wá bi mí ní ìbéèrè yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.