Lẹ́tà tí Mo Fi Pamọ́ Sínú Ìwé Orin

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹ káàárọ̀ o. Bàbá Aago ṣẹ̀ṣẹ̀ pe aago mọ́kànlá fún yín ni, ẹ sì ti gbọ́ orin tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ètò lẹ́tà. Èmi náà ni, Àǹtí Lẹ́tà yín. Ṣùgbọ́n lónìí n kò ní ka ìkíni, n kò sì ní fi orin ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Mo ti ti ilẹ̀kùn yàrá yìí láti inú, kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú bàtà mi, ó ń gún mi ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ohun kan wà tí mo ti bò mọ́lẹ̀ fún oṣù méje. Ọlọ́run mọ̀ pé bí mo bá tún gbé e sùn lónìí, n kò ní lè dúró láàárín àwọn akọrin láti pe orúkọ Rẹ̀ mọ́. N óò sọ ọ́ tán kí a tó pe aago méjìlá. Ẹ má pa rédíò yín. Ẹnì kan wà láàárín yín tí mo ń bẹ̀ ju gbogbo yín lọ pé kí ó má pa tirẹ̀. Yóò mọ ara rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó fúyẹ́. Ìyá Ojú Fèrèsé tí ẹ fẹ́ràn, ìyá arúgbó tí kò lè rìn mọ́, tí ń jókòó sójú fèrèsé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ tí ń gbọ́ wa, kò sí. Kò fìgbà kan wà. Èmi ni mo dá a. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ lẹ́tà rẹ̀, sí ẹ̀yìn ìwé ìròyìn ojú ọjọ́ àná, nítorí pé nílé iṣẹ́ wa a kì í da pépà nù. Ẹ má wò mí bíi pé mo fẹ́ fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín. Ọ̀gá wa ní àṣà kan: ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, á da apẹ̀rẹ̀ lẹ́tà sórí tábìlì, á máa kà wọ́n lójú gbogbo wa bí ẹni ń ka ọmọ tó ti ilé ìwé dé. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́tà kan ṣoṣo ló jábọ́. Ọkùnrin kan ló kọ ọ́, ó ní òpó rédíò wa ń ṣíji bo okùn tí ìyàwó òun ń sá aṣọ sí. Oníròyìn wa, ẹni tí ń wọ kóòtù, tí ń de táì, tí á wá bọ́ bàtà kó tó ka ìròyìn nítorí pé ó ní bàtà ń fún ohùn òun pọ̀, ló sọ pé, “Ó kéré tán, ó mọ̀ pé a wà.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó gbé àwo ẹ̀wà gbígbẹ tó máa ń mì láti fi ṣe ohùn òjò nínú eré wa sórí itan, ó ní, “Tí kò bá sẹ́ni tó ń gbọ́ wa, kí la wá ń ṣe níbí?” Ojú tó fi sọ ọ́ ni n kò lè gbàgbé. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́tà àkọ́kọ́ Ìyá Ojú Fèrèsé dé. Mo pè é ní àánú. Irọ́ ni mo wọ aṣọ àánú fún.

Ẹ ò rí bí ayọ̀ ṣe wọlé tọ̀ wá. Mo kọ ọ́ pé Ìyá mọ̀ pé Oníròyìn á ti múra dé ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ó ń wọ bàtà ka ìròyìn, ohùn náà ò sì fún. Mo kọ ọ́ pé òjò tó rọ̀ nínú eré mú kí Ìyá ní kí wọ́n ti fèrèsé. Ọ̀gá ń bá àwo ẹ̀wà rẹ̀ kiri bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ. Ẹnì kan ṣoṣo ló já ọgbọ́n mi. Onímáṣíìnì wa, tó máa ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún, gbé lẹ́tà kan sí imú, ó wò mí, ó ní, “Àǹtí, ẹ̀yin àti ìyá yìí, ṣé ìpara kan náà lẹ jọ ń fi pa eékún ni?” Mo ní kó dákun, kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní, “Mi ò gbọ́ òórùn kankan. Ṣùgbọ́n kí ìyá yín fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ẹ̀yìn ń dùn mí.” Bí ó ṣe di alábàápín nìyẹn, kò sì mọ ohun tó burú jù, nítorí pé n kò sọ ọ́ fún un.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ nípa Bàbá Aago. Ẹ mọ ohùn wọn, ṣùgbọ́n ẹ ò mọ̀ pé aago ara ògiri wa ti kú láti ọjọ́ pípẹ́. Aago ọwọ́ Bàbá nìkan ni aago tó wà nílé iṣẹ́ yìí. Fún ọdún mọ́kàndínlógún, ní wákàtí-wákàtí, wọ́n á wọlé, wọ́n á wo ọrùn ọwọ́ wọn, wọ́n á sọ iye tí aago lù fún yín, ẹ̀yin á sì gbé ìkòkò kaná, ẹ̀yin á lọ mú ọmọ yín nílé ìwé. Wọn kì í pàdánù wákàtí kan. Bàbá ní ọmọ kan ṣoṣo, obìnrin. Ọdún kẹta rèé tó fẹ́ ọkùnrin kan tí wọn ò fẹ́ kó fẹ́. Bàbá ní àwọn ò ní kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀. Ó kọ lẹ́tà, wọ́n dá a padà láìṣí i. Ó tún kọ, wọ́n tún dá a padà. Ẹ̀yin tí ẹ ní bàbá tó le, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí.

Ní ọjọ́ Ajé kan, oṣù méje sẹ́yìn, lẹ́tà ọmọ náà bọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ mi. Mo ti kà á títí mo fi mọ̀ ọ́n lórí. Ó ní: “Àǹtí Lẹ́tà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ka èyí kí Bàbá Aago gbọ́. Bàbá mi ni wọ́n. Wọn kì í ṣí lẹ́tà mi, ṣùgbọ́n wọn ò lè di etí sí rédíò. Bàbá mi, wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi ní Ọjọ́bọ̀. Dókítà ní ó lè yọrí sí rere, ó sì lè má yọrí. Mi ò ní kí ẹ gba ọkọ mi. Mo kàn fẹ́ kí ẹ dúró lẹ́bàá ibùsùn mi, kí ẹ sọ iye tí aago lù fún mi, bí ẹ ti máa ń ṣe nígbà tí mo wà ní kékeré tí ẹ̀rù bá ń bà mí.” Orúkọ ọsibítù náà wà nísàlẹ̀. Kí ló yẹ kí n ṣe? Ọmọ kékeré yóò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni Alága tó ni ilé iṣẹ́ yìí sọ pé òun fẹ́ fi gbọ́ wa láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kí òun lè pinnu bóyá kí òun ti ilé náà pa. Mo rò ó pé bí Bàbá Aago bá lọ, kò sí aago. Bí kò bá sí aago, kò sí rédíò. Mo ká lẹ́tà ọmọ náà sí méjì, mo há a sínú ìwé orin mi, ní orin kejìlélógóje. Mo ní ọjọ́ Jímọ̀ ni n óò kà á. Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn Ọjọ́bọ̀! Ẹ gbọ́ bí ọkàn ènìyàn ṣe ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Bí mo bá dúró níbẹ̀ ni, bóyá ìtìjú mi ì bá mọ níwọ̀n. Ní Ọjọ́rú, Bàbá Aago fúnra wọn wá bá mi níbi tí mo ti ń mu tíì. Wọ́n ní, “Àbúrò mi, ọkàn mi ò balẹ̀. Mo rí ọmọbìnrin mi lójú àlá, ó jókòó sórí àga tó ga ju ti ẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò kanlẹ̀. Ṣé kí n tọrọ ọjọ́ méjì lọ́wọ́ Ọ̀gá, kí n lọ yọjú sí i?” Ọlọ́run ló rán wọn sí mi yẹn. Gbogbo ohun tó kù kò ju pé kí n ṣí ìwé orin. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó di ọ̀la ná.” Mo wọ yàrá ìkó-ẹrù, mo jókòó sórí páálí, mo fi ọwọ́ òsì mi kọ lẹ́tà Ìyá Ojú Fèrèsé kan. Ní Ọjọ́bọ̀, ní wákàtí tí ọmọ wọn wà lábẹ́ ọ̀bẹ, mo jókòó sórí àga yìí, mo sì kà á sí yín létí: “Bàbá Aago mi, ohùn yín ni mo fi ń lo oògùn. Mo lálàá pé ẹ lọ, ilé mi sì ṣókùnkùn. Ẹ má lọ síbì kankan lọ́sẹ̀ yìí, nítorí Ọlọ́run.” Mo fi orúkọ Ọlọ́run sí i. Èmi, tí mo mọ òfin mẹ́wẹ̀ẹ̀wá láti orí dé ìsàlẹ̀. Mo wo Bàbá láti inú gíláàsì. Wọ́n ń nu ojú. Wọ́n ní, “Ó dáa, màmá. Mi ò lọ mọ́.” Wọ́n wọlé, wọ́n pe aago méjìlá. Alága gbọ́ lẹ́tà náà, ó ní ilé iṣẹ́ tí irú ìyá bẹ́ẹ̀ ń gbọ́ kò gbọdọ̀ kú. A jó nínú ọ̀nà àbáwọlé. Èmi náà jó.

Láti ìgbà náà, n kò mọ̀ bóyá ọmọ náà kú tàbí ó yè, ẹ̀rù sì bà mí láti béèrè. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, olórí akọrin ní kí a ṣí orin kejìlélógóje. N kò lè ṣí i. Mo ń la ẹnu bí ẹja, ohùn kankan ò jáde. Arábìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, “Ṣé ọ̀fun ni?” Mo ní ọ̀fun ni. Irọ́ tún nìyẹn, nínú ilé Ọlọ́run.

Ní aago mẹ́jọ àárọ̀ òní, Ọjọ́bọ̀, lẹ́tà kejì ọmọ náà dé. Ó ní: “Àǹtí Lẹ́tà, ẹ ṣeun tí ẹ bá mi ka lẹ́tà mi nígbà yẹn. Mo ti wà ní ọsibítù, mi ò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ ò ní ṣaláì kà á. Gbogbo ọjọ́ yẹn ni mò ń wo ẹnu ọ̀nà. Ara mi ti yá. Ọkọ mi ríṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn, ọkọ̀ ojú irin aago kan ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ la máa wọ̀, a ò sì ní padà. Ẹ sọ fún bàbá mi pé mo ti gbọ́ ìdáhùn wọn nínú àìwá wọn. Mi ò bínú. Rédíò kékeré mi wà lọ́wọ́ mi, mo máa gbọ́ ohùn wọn títí ọkọ̀ á fi kọjá ibi tí ohùn yín ń dé.” Ẹ ṣeun, ó ní. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Ǹ bá ti pe Bàbá sí kọ̀rọ̀ ní aago mẹ́jọ náà. Mo dìde lẹ́ẹ̀mẹta, mo jókòó lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà náà ni mo rí i pé bí mo bá sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀, bàbá á mọ̀, ọmọ ò ní mọ̀. Rédíò yìí nìkan ló lè bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí mo ti purọ́ ni n óò ti sọ òtítọ́. Mo sọ fún Onímáṣíìnì pé ohunkóhun tó bá gbọ́, kó má pa ẹ̀rọ. Ó ní, “Ṣé ọ̀rọ̀ ìpara ni, Àǹtí?” Mo ní ó ju ìpara lọ. Ó wojú mi dáadáa, ó ní, “Tí Ọ̀gá bá ní kí n pa á, màá ní bọ́tìnnì ti há.”

Ọmọ mi, ìwọ tí rédíò wà lọ́wọ́ rẹ, gbọ́ mi. Bàbá rẹ kò dá ọ lóhùn nítorí pé wọn kò gbọ́. Wọ́n fẹ́ wá. Èmi ni mo dí ọ̀nà. Má wọ ọkọ̀ náà.

Ẹ gbọ́ ohun tó ń dún yẹn? Ọ̀gá ló ń lu ilẹ̀kùn. Ọ̀gá, ẹ máa bínú, ẹ tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n Bàbá Aago ti dìde lórí àga wọn. Wọ́n ti dé ẹnu ilẹ̀kùn. Mo ń yọ kọ́kọ́rọ́ nínú bàtà. Ẹ wọlé, ẹ̀gbọ́n.

“Ó wà láàyè?”

Ó wà láàyè, ẹ̀gbọ́n. Lẹ́tà méjèèjì rèé. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀. Ẹ foríjì mí.

“Àbúrò mi, mi ò lè dá ọ lóhùn báyìí. Aago kan ni ọkọ̀ ń lọ.”

Wọ́n ti lọ. Wọn ò ṣépè, wọn ò gbá mi létí, wọ́n kàn mú lẹ́tà náà mọ́ àyà. Mo ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Ọkọ̀ ilé iṣẹ́ wa tí kì í ṣí láìjẹ́ pé a tì í, wọ́n ti jókòó sínú rẹ̀. Ọ̀gá ló ń wà á. Oníròyìn ti bọ́ bàtà sọ nù, táì rẹ̀ ti dé èjìká, òun àti Onímáṣíìnì ń ti ọkọ̀ náà lọ gbuurugbu. Olúwa, jẹ́ kó ṣí. Ó ti ṣí! Ó ti yà síbi ìkóríta.

Ó ku èmi nìkan níbí. Bí Ọ̀gá bá dé, iṣẹ́ mi ti tán, n kò sì ní bẹ̀bẹ̀ fún un. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ má ṣe ní kí irọ́ bá yín ṣe iṣẹ́ àánú. Ẹ̀yin tí mo kọ lẹ́tà èké kà fún, ẹ dárí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Ti Bàbá Aago, n óò dúró dè é, bó pẹ́ tó ogún ọdún.

Aago méjìlá ń bọ̀, ẹ̀yin olùgbọ́ wa, n kò sì ní lè pè é fún yín, nítorí aago ti bá ẹni tó ni ín lọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò yín. Ọmọ mi, jókòó síbi tí wọ́n ti lè rí ọ. Lónìí, ìwọ nìkan ni wọn yóò sọ iye tí aago lù fún.