Ère Abiyamọ Tí Mo Pààrọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ọdún méjì ni mo ti ń gbé ẹrù yìí kiri. Mo ń sọ ọ́ lónìí nítorí pé ọmọ Màmá Nzuzi yóò bímọ lóṣù tó ń bọ̀, mi ò sì rí ibi sá sí mọ́.

Màmá Nzuzi ni àgbàlagbà ará Kóńgò tí mo ń tọ́jú nílé rẹ̀ ní Connaught Estate, níhìn-ín ní ìlú òyìnbó. Ojú rẹ̀ ti di bàìbàì. Mo ń kọ́ igi gbígbẹ́ nígbà náà ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ kan ní Woolwich. Màmá yá mi ní ère tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un kí n fi ṣe àwòkọ́ṣe: obìnrin tó ká ẹsẹ̀ jókòó, tó gbé ọmọ sórí itan. Ó ní nígbàkígbà tí obìnrin ilé àwọn bá bímọ, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi ẹfun kan ojú ère náà.

Mo wọn gbogbo ara rẹ̀, mo kọ ìwọ̀n sílẹ̀, mo sì fi oṣù mẹ́ta gbẹ́ irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí láti fi ère Màmá sínú ilé mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín: ìjọ tó ń dáná sun ère ni wọ́n ti tọ́ mi. Mo da òróró àdúrà lé e lórí. Òróró náà wọnú igi, ẹfun bàjẹ́. Mo fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, mo gbé e sórí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná kí ó lè gbẹ. Nígbà tí mo fi máa ti ibi iṣẹ́ dé, ó ti là láti orí ọmọ dé àyà ìyá.

Mo fi tíì dúdú pa èyí tí mo gbẹ́ láró, mo fi ẹfun kùn ún lójú, mo gbé e fún Màmá. Ó fi ọwọ́ kàn án káàkiri títí.

"Ó fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ," ó ní. "Àbí agbára mi ló ń padà bọ̀, ọmọ mi?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ ti ń jẹun dáadáa, Màmá."

Láti ìgbà náà, ó ń sọ fún gbogbo àlejò pé ọwọ́ mi mọ́. Ère gidi wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé mi ní Thamesmead. Mo ti lẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò lẹ̀ mọ́ra. Mi ò lè jù ú nù.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Màmá ní èmi ni yóò gbé ère tó wà lọ́dọ̀ òun lé ọmọ òun lọ́wọ́ bó bá ti bímọ, nítorí pé mo ti di ará ilé.

Bí mo bá jẹ́wọ́, ó lè má jẹ́ kí n wọlé rẹ̀ mọ́. Bí mo bá dákẹ́, ìran wọn yóò máa fi ẹfun kan irọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin abiyamọ, bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni Màmá Nzuzi, ṣé ẹ ó fẹ́ gbọ́ ọ kí ọmọ náà tó dé, àbí ẹ ò ní fẹ́ gbọ́ ọ rárá?